Yíyan Àkòrí fún Iṣẹ́ Ìwádìí: Ẹ̀kọ́ láti Ọwọ́ Àwọn Òpìtàn

Kò sí ọdún tí àwọn olùkọ́ kì í sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n lọ mú àkòrí iṣẹ́ ìwádìí wá. Bí wọ́n bá sì mú un dé, bákan náà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń rí: "Ìtàn Ìran Yorùbá", "Àṣà àti Ìṣe Yorùbá", "Ipa Obìnrin Láwùjọ". Àwọn kan kò tilẹ̀ ronú dé ibẹ̀ yẹn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta àkòrí àti iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e papọ̀. Wọ́n á ra ọ̀kan, wọ́n á yí orúkọ ìlú inú rẹ̀ padà, ó parí. Ẹjọ́ àwọn tí ó ra iṣẹ́ kò le láti dá. Àwọn tí ó fẹ́ kó ìtàn gbogbo ìran Yorùbá sínú ojú ìwé mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ wọn gba àlàyé, nítorí pé wọ́n ṣe tán láti ṣiṣẹ́, ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni wọn kò mọ̀.

Àkòrí kì í ṣe orúkọ nǹkan lásán, ìbéèrè ni. "Ogun Kírìjì" jẹ́ orúkọ ogun kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí ó sì parí ní 1893. Kò tí ì di àkòrí. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè pé ọ̀nà wo ni àwọn Èkìtì Parapọ̀ gbà rí ìbọn ìgbàlódé láti Èkó, àti ipa tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé ní Èkó kó nínú rẹ̀, nígbà náà ni ó tó ní àkòrí lọ́wọ́. Ó ti mọ ohun tí ó ń wá. Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì ni pé ó ti mọ ohun tí kò kàn án: kò sí ohun tí yóò mú un kọ nípa Odùduwà, kò sì sí ohun tí yóò gbé e dé Ìbíní. Ẹni tí ó bá lé eku méjì, àwọn àgbà ní òfo ni yóò mú bọ̀.

Ó rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí sẹ́yìn ṣe rìn ín ni ó wúlò jù láti yẹ̀ wò, pàápàá nítorí pé àkòrí tí wọ́n yàn ni ó sọ ohun tí ìran tí ó tẹ̀ lé wọn mọ̀ àti ohun tí wọn kò mọ̀ nípa ara wọn.

Àlùfáà Samuel Johnson, tí wọ́n bí ní Sàró ní 1846, kò ní olùkọ́ kankan tí ó fún un ní àkòrí. Ohun tí ó dùn ún ni ó yàn. Ó ṣàlàyé rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀ pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kàwé mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti àwọn baba wọn. Ó tún bẹ̀rù pé bí àwọn àgbà ṣe ń kú, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà ń bá wọn lọ. Ìrora yìí ni ìbéèrè rẹ̀. Níbo ni ẹ̀rí wà? Ó wà ní àyíká rẹ̀. Ó jókòó ti àwọn arókin Ọ̀yọ́, tí iṣẹ́ wọn ní ààfin jẹ́ láti pa ìtàn àwọn ọba mọ́. Ó gbọ́rọ̀ lẹ́nu Josiah Oni, oníṣòwò tí ó ti rin ilẹ̀ náà já, àti lẹ́nu Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí òpìtàn. Ọ̀rọ̀ Ogun Kírìjì ní tirẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún un, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ, tí ó sì ń gbé e bọ̀ láàrin àwọn tí ń jagun.

Àǹfààní wà nínú kí ẹ̀rí súnmọ́ ni. Àbùkù sì wà nínú rẹ̀. Nítorí pé Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ni Johnson gbé, tí ó sì ṣiṣẹ́, ìtàn Ọ̀yọ́ kún nínú ìwé rẹ̀ bí odò ìgbà òjò. Ti Èkìtì àti Ìjẹ̀bú kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òpìtàn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí èyí púpọ̀, ẹjọ́ wọn sì tọ́. Síbẹ̀, kò bójú mu kí ẹni tí kò tí ì kọ ìtàn àdúgbò tirẹ̀ máa bínú sí Johnson pé kò kọ ọ́ bá òun.

Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897. Wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí. Johnson kú ní 1901 láìrí i mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù jọ, tí ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí ó fi tirẹ̀ náà ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ ọkọ̀ ogun Jámánì, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́, ogun sì ti sọ bébà di ọ̀wọ́n gógó. Ọdún 1921 ni ó jáde, ogún ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́. Bí kò bá sí àwọn àkọsílẹ̀ tí ó wà nílé, èyí tí Johnson ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀, kì bá má sí ìwé tí gbogbo àwọn òpìtàn ń yẹ̀ wò lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń da ìwé tí ó fi gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nù lẹ́yìn tí ó bá ti tẹ iṣẹ́ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí ó rántí ọkọ̀ Appam.

Johnson lè kọ ìtàn gbogbo ilẹ̀ Yorùbá nítorí pé ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó fi ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní táàmù kan péré kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń retí kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ́ni bí a ti ń dín àkòrí kù ni àwọn tí ó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìtàn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ìgbà tiwọn, yíyan àkòrí jẹ́ ìjà. Èrò tí ó gbilẹ̀ ní yunifásítì ilẹ̀ Òyìnbó ni pé ibi tí kò bá ti sí ìwé, kò sí ìtàn níbẹ̀. Ní 1963 pàápàá, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìtàn ní Oxford, ṣì ń sọ ọ́ ní gbangba pé ìtàn àwọn Òyìnbó ní Áfíríkà nìkan ni ó wà, pé òkùnkùn ni ìyókù. Ṣáájú ọ̀rọ̀ yẹn ni Kenneth Onwuka Dike ti yan òwò àti ìṣèlú ní etí òkun Niger Delta láàrin 1830 sí 1885. Ó ka ìwé àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún gba ìtàn lẹ́nu àwọn tí ó ni ilẹ̀. Ìwé tí ó ti inú iṣẹ́ náà jáde ní 1956 fi hàn pé oníṣòwò ìlú Bonny ní ète àti ìlànà tirẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó kàn ń wo ojú Òyìnbó. Dike yìí kan náà ni ó ṣe aápọn kí wọ́n tó kó àwọn ìwé ìjọba tí ikán ń jẹ ní ọ́fíìsì káàkiri jọ sí ibi ìpamọ́ kan. Èyí tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ṣì ń gba àwọn olùwádìí lálejò.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Sàbúrì Bíòbákú. Kò yan "Ìtàn Ẹ̀gbá". Orúkọ ìwé rẹ̀, tí ó jáde ní 1957, sọ pé Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn ni, láti 1842 sí 1872. Ọgbọ̀n ọdún péré! Ó ṣeé ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ kan wo èyí kí ó ní ó kéré. Ẹ jẹ́ kí ó wo ohun tí ó wà nínú ọgbọ̀n ọdún náà. Ọdún 1842 ni òjíṣẹ́ ìhìnrere Thomas Birch Freeman kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ dó ní 1830. Ní 1851 Dàhómì gbógun wá. Ó tún wá ní 1864. Ní 1861 Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Ẹ̀gbá sì wà nínú rẹ̀. Ní 1867 wọ́n lé àwọn Òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, wọ́n fọ́ ilé wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé. Ní 1872 Glover, gómìnà Èkó tí òun àti Ẹ̀gbá kò jọ ṣọ̀rẹ́, fi ipò sílẹ̀. Ìbéèrè kan ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀: báwo ni ìlú kan tí kò tí ì fìdí múlẹ̀ ṣe ń dúró láàrin àwọn ọ̀tá àti àwọn ọ̀rẹ́ tí ó le ju ọ̀tá lọ? Ọdún ìbẹ̀rẹ̀ àti ọdún ìparí nínú àkòrí dà bí ọgbà tí àgbẹ̀ ṣe yí oko rẹ̀ ká. Ẹni tí ó kọ "láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní" kò ṣe ọgbà rárá, ewúrẹ́ gbogbo ayé ni yóò sì wọlé.

Iṣẹ́ ìran Dike àti Bíòbákú gbayì, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó fò. Ọba, ogun, òwò, ìjọba àti àwọn oníwàásù ni ó pọ̀ jù nínú àkòrí wọn. Ẹni tí ó bá ka ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn tán lè rò pé ọkùnrin nìkan ni ó gbé ilẹ̀ yìí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àfi bí ìyálóde kan bá kọjá lọ fìrì ní ojú ìwé kan.

Bọ́láńlé Awẹ́, ọmọ Iléṣà, gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Oxford lórí bí Ìbàdàn ṣe di alágbára ní ọgọ́rùn-ún ọdún kan náà. Àkòrí ogun àti ìṣèlú ni èyí, bíi ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ó padà sí ìlú kan náà, ó sì béèrè ohun mìíràn: ta ni ìyálóde, kí sì ni agbára rẹ̀? Ìbéèrè yìí kò mú un lọ sí ìlú mìíràn, kò sì gba pé kí ó pa ohun tí ó ti mọ̀ tì. Ojú tí ó fi wo ìlú ni ó yí padà.

Ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni ó fi èyí hàn jù. Orúkọ obìnrin yìí kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tí ó ka lítíréṣọ̀ Yorùbá, nítorí eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó jáde ní 1970. Inú eré náà ni ọ̀pọ̀ ti mọ̀ ọ́n sí ìkà tí ń pa ẹrú. Òǹkọ̀wé eré ní ẹ̀tọ́ láti yan ohun tí ó bá eré mu, Ìṣọ̀lá sì ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú "Ìwà Ìkà Ẹfúnṣetán" bí àkòrí ìwádìí ìtàn ti dá ẹjọ́ kí ó tó pe ẹlẹ́rìí.

Ìwé Johnson ní ohun mìíràn tí ó yẹ kí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ farabalẹ̀ kà. Nígbà tí Ààrẹ Látòósà ti ogun dé ní 1874, ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó fi kan Ìyálóde. Èkíní, kò bá òun lọ sí ogun. Èkejì, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun ní ojú ogun. Ẹ̀kẹta, kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun kú àbọ̀. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Kò pẹ́ tí àwọn ẹrú rẹ̀ fi pa á lóru. Nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kò sí ọ̀kan tí ó jẹ mọ́ ẹrú tí wọ́n ní ó ń pa. Ogun ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ohun tí ó yẹ kí ó ta ènìyàn jí nìyí: èwo ni ti ìyálóde nínú ọ̀rọ̀ ogun tí Ààrẹ fi ń bínú tó bẹ́ẹ̀?

Ibẹ̀ ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹfúnṣetán, tí baba rẹ̀ jẹ́ ará Ẹ̀gbá, ní oko ńlá àti ẹrú púpọ̀ tí ń dáko fún un, ó ń ṣòwò, ó sì ń fún àwọn olórí ogun ní ohun ìjà ní àwìn. Ẹni tí ń jẹ ni ní gbèsè kì í fẹ́ràn láti rí ojú ẹni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ àkòrí rẹ̀ di "Ìyálóde àti ìnáwó ogun ní Ìbàdàn, 1850 sí 1874", ọ̀rọ̀ ìkà kò ní sọnù nínú rẹ̀. Yóò kàn bọ́ sí ipò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ oyè, àti ti obìnrin tí ikú ti mú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ níbi ìrọbí.

Awẹ́ tún fi ohun mìíràn kún un. Ní 1974 ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó fi ṣàlàyé pé oríkì lè jẹ́ ẹ̀rí fún òpìtàn. Ohun tí ó wù ú nínú oríkì ni pé ó máa ń sọ ohun tí ìtàn ààfin bò mọ́lẹ̀, ó sì máa ń dárúkọ àwọn tí kì í ṣe ọba. Oríkì kì í sọ ọdún, ó sì máa ń pọ́n ẹni tí ó ni ín lé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ gbé e ka orí ẹ̀rí mìíràn, bí ìwé àwọn oníwàásù tàbí ìtàn agbo ilé tí kò bá ti ẹni náà ṣọ̀rẹ́. Àwọn ará Ìbàdàn ní àǹfààní kan ní ti èyí: Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tí ó jọba gẹ́gẹ́ bí Olúbàdàn ní 1955, ti kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní èdè Yorùbá láti 1911. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé òun àti Johnson sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ó wo ibi tí wọn kò ti fẹnu kò.

Ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ kò yàtọ̀. Adébóyè Babalọlá, ọmọ Ìpetumodù, kò kọ̀wé lórí gbogbo ewì alohùn. Ìjálá nìkan ni ó mú, ó sì béèrè ohun méjì nípa rẹ̀, ìyẹn ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ìwé náà jáde ní 1966. Karin Barber, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, mú ìlú kan ṣoṣo, Òkukù, ó gbé ibẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta láàrin 1974 sí 1977, àwọn obìnrin tí ń ki oríkì ni ó tẹ̀ lé kiri, ìwé tí ó kọ lórí rẹ̀ ní 1991 sì nípọn. Ìlú kékeré kò sọ iṣẹ́ di kékeré.

Kí ni ó wà nítòsí akẹ́kọ̀ọ́ girama lónìí, tí kò ní owó ọkọ̀ lọ sí Oxford, tí kò sì ní ọdún mẹ́ta láti gbé Òkukù? Ó pọ̀. Ẹni tí ń gbé ní Ìbàdàn tàbí ní ìgbèríko rẹ̀ lè wo ọ̀rọ̀ Àgbẹ́kọ̀yà. Ní ìparí 1968 ni àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà dìde nítorí owó orí, nítorí iye tí wọ́n ń san lórí kòkó, àti nítorí ìyà tí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù fi ń jẹ wọ́n. Ní 1969 wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Tàfá Adéoyè ni olórí tí orúkọ rẹ̀ kàn jù. Ìgbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà ni ìjọba tó gbà kí owó orí jẹ́ pọ́n-ùn méjì. Gbogbo èyí ti wà nínú ìwé. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Ayọ̀ọlá darí ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé náà sì ti kọ tiwọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi "Ìtàn Àgbẹ́kọ̀yà" ṣe àkòrí, àdàkọ ni yóò dà.

Ṣùgbọ́n ó lè mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn àgbẹ̀ náà fi orin dárúkọ iye tí wọ́n fẹ́ san: ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Ọ̀kẹ́ kan ni ẹgbàá mẹ́wàá owó ẹyọ. Ní 1968, ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti fi owó ẹyọ ra nǹkan lọ́jà ní Ìbàdàn. Kí ló dé tí àgbẹ̀ tí ń gba pọ́n-ùn àti ṣílè lórí kòkó rẹ̀ ṣì ń ka owó orí ní ọ̀kẹ́? Àwọn wo ni ó ń kà á bẹ́ẹ̀, àgbà nìkan ni àbí tèwe tàgbà? Ní ọjà ńkọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá ń kà á? Kí ni àwọn obìnrin abúlé sọ nípa owó orí náà, kí sì ni wọ́n ṣe ní ọjọ́ tí àwọn ọkọ wọn wọ igbó lọ? Abúlé kan, ọdún méjì, ìbéèrè mẹ́rin, àwọn arúgbó mẹ́fà tàbí méje tí yóò sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ táàmù kan nìyẹn, kò sì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún títà.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fọwọ́ sí irú àkòrí bẹ́ẹ̀ níláti béèrè ohun kan ṣáájú: ta ni akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò bi léèrè, ṣé ẹni náà sì wà láàyè? Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí Àgbẹ́kọ̀yà bẹ̀rẹ̀ ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún báyìí. Àwọn tí ó jẹ́ baálé ilé nígbà náà, tí wọ́n san owó orí náà fúnra wọn, kò pọ̀ mọ́ láti rí.